Ìdérí Àmù Ìyá Ìsẹ̀

Ohùn Ìyá Ìsẹ̀ ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, kì í ṣe àkùkọ. Kí ojúmọ́ tó là tán ni yóò ti máa bá ìgbálẹ̀ wí pé orí rẹ̀ ti pá jù, yóò kọjú sí ewúrẹ́ aládùúgbò, yóò bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló gbin àgbàdo tó ń jẹ, lẹ́yìn náà ni yóò wá dúró ti àmù omi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò máa bẹ̀ ẹ́ kó tutù dáadáa nítorí pé àwọn ọmọ ń bọ̀ wá mu. Kò sí ohun tí kì í bá sọ̀rọ̀. Bó bá ń gúnyán, á máa bá iyán jà. Bó bá ń ṣa ẹ̀fọ́, á máa dárúkọ ewé kọ̀ọ̀kan bí tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Òun ló bí màmá mi. Ìlú Ìsẹ̀ ló ti wá bá wa nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin, ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun fẹ́ fi bá wọn wẹ ọmọ. Ọmọ náà dàgbà, ó ń sáré, ó ń bá ewúrẹ́ jà fúnra rẹ̀, Ìyá Ìsẹ̀ kò lọ. Bàbá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kan ṣoṣo lòun lọ fẹ́ ní Ìsẹ̀, àmọ́ odindi ìlú ló tẹ̀ lé òun wálé. Ìyá Ìsẹ̀ á ní kí àna òun fara balẹ̀, pé apá kan ìlú náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Èdè Ìsẹ̀ ló ń sọ, kò sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu, uná ló ń pe iná, bó bá sì ti ń bá ìyá tó wà lódìkejì ọgbà sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èyí tó gún jù nínú ohùn Ìsẹ̀ àti ohùn Ìkẹ́rẹ́, torí ohùn ìlú wa tún yàtọ̀ sí ti Ìsẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo máa ń jókòó tì í nílẹ̀ ilé ìdáná, mo ń yọ ẹ̀gúsí, mo ń gbọ́ ìtàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé màmá mi, tíṣà tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń bẹ̀rù, ti jábọ́ lórí igi ìbẹ́pẹ rí nítorí ọ̀kánjúwà. Ó máa ń sọ fún mi pé ọmọ tó bá mọ ohùn ìyá rẹ̀ kò ní sọnù lọ́jà. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ènìyàn lè wà nínú ilé ara rẹ̀ kó sì sọnù.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, inú gbogbo èèyàn ṣì ń dùn pé a ti di Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wá kúrò lára Oǹdó ni. Bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa, kì í jẹ́ kí rédíò rẹ̀ sinmi, bí wọ́n bá ti dárúkọ Èkìtì lẹ́ẹ̀kan, á na ìka sókè bí ẹni pé òun ni wọ́n pè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdúpẹ́ lórí ìdúpẹ́. Àwọn àgbà tó ń bọ̀ láti oko á dúró lójú ọ̀nà tó kọjá níwájú òkúta Olósùnta, wọ́n á ní a ti gba ara wa, a ti dá dúró, kò sẹ́ni tó tún lè pàṣẹ fún wa láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ láàárín ìdùnnú yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, kó wa jọ sórí pápá, tó ní ìpínlẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ọmọ tuntun, ọmọ tuntun kì í sì í sọ fànákúlà. Fànákúlà ni orúkọ tí wọ́n fún èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, n kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Màdáámù gbé pátákó kan jáde. Igi gidi ni, ó fẹ̀ bí àwo ńlá, wọ́n gé e ní róbótó, wọ́n lu ihò méjì sí i, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i lára pé ẹni tó gbé e kọ́rùn ti sọ fànákúlà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n á fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí o fi lè bọ́ ni kí o máa dẹtí sílẹ̀ títí ìwọ náà á fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, kí o fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tí pátákó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù ni yóò jẹ ẹgba mẹ́fà. Bó bá wá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, olúwarẹ̀ á gbé e lọ sílé, á gbé e kọ́rùn títí di ọjọ́ Ajé kí àwọn òbí rẹ̀ lè rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti di ọ̀tá ara wa. Ọ̀rẹ́ mi Dúpẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ṣáláńgá láti gbọ́ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi Yorùbá kérora. Ẹni tó dá irú ọgbọ́n yẹn mọ ohun tó ń ṣe: kò ní láti dúró tì wá, àwa fúnra wa là ń bá a ṣọ́ ara wa.

Màmá mi ló ń kọ́ wa ní kíláàsì kẹfà, òun ni wọ́n sì ń sọ pé yóò di igbákejì Màdáámù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbùkù kankan lára ilé òun. Ló bá gbé òfin náà wálé, ó ní láti ẹnu géètì wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni kí àwa ọmọ máa sọ, kódà bí Ìyá Ìsẹ̀ bá bá wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi dá a lóhùn. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìkà ni màmá mi. Nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn fi í ṣe ẹlẹ́yà títí tó fi ń sunkún, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń run iyán. Ó pinnu pé ọmọ tòun kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ti wọ aṣọ ọgbọ́n. Bàbá mi kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ó ń sọ Yorùbá rẹ̀ lọ, àbúrò mi tó fẹ́ràn ẹjọ́ rírò sì ń lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun màmá wa lójoojúmọ́.

Ilé wa bá dákẹ́. Bí mo bá ní ilé wa dákẹ́, ẹni tí kò mọ ilé náà kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Nídìí oúnjẹ alẹ́, kìkì ohùn ṣíbí lára àwo la ń gbọ́. Ìyá Ìsẹ̀ á béèrè pé ṣé ọbẹ̀ náà níyọ̀, a ó mi orí. Á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé, a ó wo ojú màmá wa, a ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì mẹ́ta tí kò yé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò béèrè mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀, n kò gbọ́ ẹni tó ń gbá a. Ó gbá gbogbo àgbàlá láìsọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni, àní ewúrẹ́ pàápàá dúró, ó ń wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni pátákó bá èmi náà délé. Kòkòrò ló ta mí lẹ́sẹ̀ lórí pápá, mo kígbe pé yèé, mo tún pe ìyá mi mọ́ ọn, Dúpẹ́ tó gbé e kọ́rùn sì wà nítòsí. Mo jẹ ẹgba mẹ́fà mi, ọwọ́ ìyá tó bí mi ni mo ti jẹ ẹ́, torí òun ni tíṣà kíláàsì. Ó nà mí bó ṣe máa ń na gbogbo ọmọ, kò fi ìkan dín in. Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìsẹ̀ ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ó wò mí, ó wo okùn náà, ó wo pátákó. Ó ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí rèé l'ọ́rùn rẹ, ọmọ mi?"

Màmá mi wà lẹ́yìn mi gan-an, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá sọ Yorùbá, mo tún máa jẹ ẹgba méjìlá lọ́jọ́ Ajé. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé wọn kò gbà mí láàyè láti sọ ọ́. Ìyá Ìsẹ̀ ń wo ẹnu mi bí adití ṣe ń wo ẹnu èèyàn. Ó yí ojú sí màmá mi bóyá yóò túmọ̀ rẹ̀ fún òun, màmá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí, n kò mọ ẹni tí ojú ń tì mí fún. Ìyá Ìsẹ̀ tún he igi rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹ iyán ọ̀sán tán, ó pe bàbá mi àti màmá mi síta, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun, kò sẹ́ni tó fi oúnjẹ dù òun. "Ṣùgbọ́n ulé tí mi è ti ní ẹnu, mi è lè gbé bẹ̀. Bí án bá ṣe ayẹyẹ ulé ùwé yí tán, mo a lọ ulé mi l'Ìsẹ̀." Ó ní òun kò lè gbé ilé tí òun kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ìwé ló ń wí, níbi tí wọ́n ti máa ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn, ó fẹ́ dúró kó rí mi níbi tí mo ti ń gba tèmi. Màmá mi ní kí ìyá òun má ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun á mú òfin òun kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Mo wọ yàrá Ìyá Ìsẹ̀, mo rí i pé ó ti ká àwọn aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ó ku èyí tó ń wọ̀. Mo jókòó lórí àpótí náà bí ẹni pé ìjókòó mi lè dá a dúró.

Bàbá mi ló rí ọ̀nà. Ní ayẹyẹ yẹn, kíláàsì kẹfà ló máa ń ṣe eré, màmá mi sì ti ní kí bàbá mi kọ eré kékeré kan nípa bí òyìnbó ṣe dé ilẹ̀ wa, kí àlejò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Adó lè rí i pé a mọ ìtàn. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ó ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ohun tó kọ ni bí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe dé ìlú òyìnbó. Nínú eré náà, àwọn akọni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gúnlẹ̀ sí etí odò ńlá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bá òyìnbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Ọ̀gá wọn ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ wo odò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí." Apẹja ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, odò náà sì ti lórúkọ. Wọ́n ní ta ló bi í léèrè. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ odò náà ní Odò Ìyá Ìsẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú máàpù.

Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Wọ́n fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kóńgò gààrí mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan àti agbòòrùn aláràbarà, wọ́n ní kó tẹ ìka sí ìwé kan, wọn ò ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún un. Wọ́n gbé adé rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni kí ó má baà bà jẹ́. Wọ́n na okùn gba àárín ìlú kọjá láti pín in, yàrá bàbá kan bọ́ sí abẹ́ ìlú Emùré, ilé ìdáná rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ Ìsẹ̀, kó tó lè jẹun ó ní láti gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ilé gbin iṣu sínú yìnyín, nígbà tí iṣu kò hù, wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sílé pé ọ̀lẹ ni àwọn òyìnbó. Wọ́n sunkún nítorí àwọn ọmọkùnrin tí kò mọ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé fún wọn nítorí àánú. Ìran ìkẹyìn ló ṣẹlẹ̀ nílé ìwé yẹn. Ọmọ òyìnbó kan, Jéènì, sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, wọ́n fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, ó gbé e délé, ìyá àgbà rẹ̀ bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni, ó sì ní láti fi Yorùbá dá a lóhùn, èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́.

Èmi ni Jéènì, Dúpẹ́ ni ìyá àgbà rẹ̀. Àgbàlá wa la ti ń kọ́ eré náà nírọ̀lẹ́, àwa bíi méjìlá. Àgbàdo tuntun ti jáde nígbà yẹn, irun orí àgbàdo tó rí pupa rẹ́súrẹ́sú la ran mọ́ fìlà wa láti fi ṣe irun òyìnbó, a sì fi pọ́dà ọmọ ìkókó kun ojú. Torí eré ni, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè àwọn ọ̀gá nínú eré, òfin màmá mi kò rí wa mú. Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ìsẹ̀ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde wá wò wá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti sọ odò ní orúkọ rẹ̀, ó bi mí pẹ̀lú ojú bóyá òun ni wọ́n ń wí, mo mi orí pé òun ni. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan pamọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó kò fẹ́ jẹ iyán, ó dá sí i láti ibi tó jókòó: "Ẹ fún án ní uṣu jẹ, án á lágbára." Bàbá mi kọ ọ́ mọ́ eré lójú ẹsẹ̀. Mo rí màmá mi lójú fèrèsé, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀, kò mọ̀ pé mo rí òun.

Torí ẹ̀rín yẹn ni màmá mi kò fi da eré náà nù, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ka ìran ìkẹyìn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìlà pupa gba ojú ìwé náà kọjá, ó ní kó parí síbi iṣu inú yìnyín. Bàbá mi ní kí ló dé. Ó ní ó ti gùn jù. Gbogbo wa ló mọ̀ pé kò gùn. Màdáámù pàápàá ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti kìlọ̀ fún màmá mi pé bí nǹkan kan bá bí àlejò Adó nínú, kó gbàgbé ipò igbákejì. Bàbá mi wò mí, ó ká ojú ìwé tí wọ́n fa ìlà gbà náà sí méjì, ó fi í sínú ìwé mi. N kò lè sọ títí dòní bóyá ó fẹ́ kí n ṣe é tàbí ó kàn fẹ́ kí n tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n ta tápólì síwájú kíláàsì kẹfà, àlejò láti Adó jókòó láàárín, ó wọ kóòtù àti táì nínú oòrùn yẹn, òógùn ń ṣàn wọ kọ́là rẹ̀. Ìyá Ìsẹ̀ jókòó ní ìlà kejì, ó wé gèlè rẹ̀ tó dára jù, ó sì ti di ẹrù rẹ̀ tán nílé. Ọkọ̀ Ìsẹ̀ ọ̀sán yẹn ló fẹ́ wọ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Níbi odò, àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Níbi gààrí àti agbòòrùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ́ mo rí i pé àwọn tíṣà ń yọ́jú wo Màdáámù kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, Màdáámù ń yọ́jú wo àlejò, àlejò náà sì ń wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wo òun. Kò sí òyìnbó kan ṣoṣo nínú ọgbà náà, síbẹ̀ ẹ̀rù òyìnbó ń bà wọ́n. Iṣu kò hù nínú yìnyín, wọ́n kọ̀wé sílé pé ọ̀lẹ ni òyìnbó, ó parí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá mi ti ń sún mọ́ iwájú láti kó wa kúrò.

Mo wo Ìyá Ìsẹ̀. Ó ti ń fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Pátákó Màdáámù wà lórí ìṣó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo wà. Mo rìn lọ, mo mú un, mo fi kọ́ ọrùn ara mi. Dúpẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ìyá àgbà mi rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó sá lọ sẹ́yìn kíláàsì, n kò bá a wí, ẹni tó mọ bí ẹgba ṣe ń dunni ni. Mo dá dúró. N kò ní ìyá àgbà òyìnbó mọ́. Mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ sáàárín èrò, pọ́dà lójú, irun àgbàdo lórí, mo kúnlẹ̀ síwájú èyí tí mo ní. Ìyá Ìsẹ̀ nawọ́ kan pátákó náà, ó sì bi mí gẹ́gẹ́ bó ṣe bi mí lọ́jọ́sí, "Kí rèé l'ọ́rùn rẹ, ọmọ mi?"

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé wọn kò gbà mí láàyè láti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ bó ṣe rí, kí wọ́n rí ọmọ tó kun ojú rẹ̀ ní funfun tó ń sọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, "Ìyá mi, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn torí pé mo sọ̀rọ̀ bíi tiyín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi dá yín lóhùn. Ẹ má lọ." Èyí tó kẹ́yìn kò sí nínú ìwé bàbá mi. Ìyá Ìsẹ̀ kò sunkún, èmi ni mò ń sunkún, pọ́dà ń ṣàn. Ó yọ okùn náà lọ́rùn mi, ó rọra yọ ọ́ gba orí irun àgbàdo kó má baà ba á jẹ́, ó ki pátákó náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì pa ẹnu báàgì dé. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò dá àgbà dúró lójú gbogbo ìlú kó máa tú báàgì rẹ̀? Àwọn òbí kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é.

Màmá mi dúró sójú kan ní gbogbo àkókò yìí. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ ní etí mi, kò wá. A délé. Ẹrù Ìyá Ìsẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó gbé e sí láàárọ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ ti ẹrù náà, tòun ti aṣọ ayẹyẹ, ó ń tú okùn rẹ̀, ó sì fi ohùn Ìsẹ̀, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìyé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ulé yín rèé." Ìyá Ìsẹ̀ ní kó dìde, pé ilẹ̀ ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná, ó yọ pátákó náà jáde láti inú báàgì, ó gbé e dé ẹnu àmù. Ìdérí àmù náà ti fọ́ tipẹ́, abọ́ kékeré kan la fi ń dé e. Pátákó náà ṣe wẹ́kú.

Lọ́jọ́ Ajé, Màdáámù fún màmá mi ní kuẹ́rì, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ibi tí ohun ìní ilé ìwé wà. Bàbá mi bá a jókòó kó bá a kọ èsì tó mọ́yán lórí, àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìtẹríba. Màmá mi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ló fi dá kuẹ́rì náà lóhùn, ìlà kan péré: ó wà lórí àmù ìyá mi, omi rẹ̀ sì tutù. Kò di igbákejì. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, wọ́n gbé e lọ sí Ìlasà, ọ̀nà jíjìn, ó ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ó ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, fún ọdún méjì. Nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé pẹ̀lú àwa ọmọ, ẹni náà sì ni Ìyá Ìsẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ewúrẹ́ kí ojúmọ́ tó là. Pátákó tuntun kan tún wà nílé ìwé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò ní purọ́ fún yín. Kò délé wa.

Ilé ìwé àwọn ọmọ tèmi náà kọ lẹ́tà sí mi láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n ran àwọn lọ́wọ́ kí ọmọ mi jáwọ́ nínú fànákúlà. Mo mọ bí a ti ń dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lóhùn, mo sì dá a lóhùn, ìlà kan ló gbà mí. Mo jókòó sínú ilé ìdáná lẹ́yìn náà, mo ń rántí ọjọ́ kan tí mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo bu omi lámù tí Ìyá Ìsẹ̀ wá bá mi níbẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Ó ti ń fi pátákó yẹn dé omi fún ọdún mélòó kan, ọ̀dà rẹ̀ ti ń parẹ́, kò sì béèrè rí. Lọ́jọ́ yẹn ló fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà, ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, mo sọ èdè ìyá mi.

Ó ronú sí i díẹ̀. "Òtítọ́ ni," ó ní. "Mo sọ ọ́."

Ó gba pátákó náà lọ́wọ́ mi, ó dé omi rẹ̀.